Kí Ẹ Tó Tẹ "Allow": Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ìwé Tó Ń Gbé Èèyàn Lọ Síbi Tí Kò Rán An

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ní Ṣakí. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

   

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí bí a ṣe lè máa lo íntánẹ́ẹ̀tì láìkó sí wàhálà. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá fà á ya. Ó jọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí mọ́ tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa fúnra wa ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, línkì kan bọ́ sórí grúùpù ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ń pín ₦50,000 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Mo rí àsíá Nàìjíríà lókè rẹ̀, mo rí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti gbà á. Mi ò ṣí línkì yẹn wò o. Mo kàn gbé e lọ sí grúùpù ńlá, mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí èyí kọjá yín o." Èmi ni mo kọ ọ́.

Ìyá kan nínú wa, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ wá síbí, tí wọ́n ń hun aṣọ òkè, ṣí i. Mi ò ní dárúkọ wọn, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́. Ojú ìwé náà ṣí, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Ó gbé wọn lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ náà tún gbé wọn lọ síbòmíràn. Nígbà tó yá, fóònù kọ nǹkan sísàlẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n kọjá mọ́. Wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fóònù yìí ò jẹ́ kí n kọjá, ó ń kọ nǹkan sí mi." Inú kíláàsì ni mo wà. Mi ò bi wọ́n pé kí ló kọ. Mo kàn sọ pé, "Ẹ tẹ Allow, mà."

Wọ́n tẹ Allow. Ó gbé wọn dé ojú ìwé kan tó jọ ti báńkì wọn, láti orí àwọ̀ dé orí àmì. Ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì ATM, wọ́n kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, wọ́n kọ ọ́. Báńkì fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí fóònù wọn, ojú ìwé yẹn ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ₦38,000 ti lọ. Owó òwú ni. Ẹnì kan ti san àsansílẹ̀ fún aṣọ ìgbéyàwó, owó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ra òwú.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti dáwó. A ti san ₦25,000 padà fún wọn, èyí tó kù wà lọ́rùn mi, màá sì san án. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Fóònù ìyá yẹn ti kìlọ̀ fún wọn. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn náà ṣe tiwọn, wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n rò pé ó mọ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àfi tí ẹni tí wọ́n bi kò bá fara balẹ̀ gbọ́ ìbéèrè. Èmi ni mi ò fara balẹ̀. Nítorí náà, ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí: kí ló jẹ́, kí ló ń bèèrè, báwo la ṣe máa dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Ṣakí níbí, Ìbàdàn lẹ ń lọ. Nígbà tẹ́ ẹ dé Ìsẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ kejì, pé òun ló máa gbé yín dé Mọ́níyà. Ìyẹn ò burú, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ yí padà, ibi tí ẹ ń lọ ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí dẹ́rẹ́bà bá ní Ìbàdàn lòun ń lọ, tó wá ṣàdéédéé yà sí ọ̀nà oko kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ṣé ẹ máa dákẹ́? Ẹ ò ní dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló máa pariwo pé, "Dẹ́rẹ́bà, níbo lò ń gbé wa lọ?"

Bí íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí nìyẹn. Ohun tí ẹ fi ń ṣí ojú ìwé lórí fóònù, Chrome ni o, Opera ni o, Firefox ni o, búráwúsà ni wọ́n ń pè é. Ojú ìwé tí ẹ bá ṣí lè pàṣẹ fún búráwúsà yín. Ó lè ní, "Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, tún mi ṣí." Ìyẹn ni pé ojú ìwé ń tún ara rẹ̀ ṣí. Ó sì lè ní, "Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, gbé ẹni yìí lọ sí ojú ìwé mìíràn." Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní redirect. Ìlà kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe ojú ìwé náà máa kọ, iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin ò ní rí ìlà yẹn. Ẹ kàn máa rí i pé ibi tí ẹ wà ti yí padà.

Àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iye góòlù ń yí padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ọmọ yín bá fẹ́ san owó ilé ìwé, pótálì ilé ìwé máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó, ibẹ̀ á tún gbé e padà wá kó lè gba rìsíìtì. Ọkọ̀ kejì ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ó dára.

Àmọ́ àwọn oníjìbìtì náà mọ ọ̀nà yẹn. Wọ́n máa ń to ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ̀ léra, kí ojú yín lè ṣú, kí ẹ má mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń polówó ọjà náà ń lò ó. Ẹ lè wà lórí ìròyìn tó dáa, ìpolówó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá já gbogbo ojú ìwé gbà lọ́wọ́ yín, á ní ẹ ti jẹ fóònù tuntun.

Ó pọ̀ débi pé lóṣù kọkànlá ọdún 2017, Google sọ ọ́ fúnra wọn pé nínú ẹ̀sùn márùn-ún tí àwọn tó ń lo Chrome lórí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ nípa irú àwọn nǹkan tí wọn ò fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Láti Chrome 64, tó jáde lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ni wọ́n ti ń dá ìpolówó tó wà nínú ojú ìwé ẹlòmíràn dúró, pé kó má lè gbé yín lọ síbòmíràn tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Búráwúsà ti wá di bí ọmọ ọkọ̀ tó yọ orí síta, tó ń bi yín pé, "Dẹ́rẹ́bà yìí fẹ́ yà o. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an?"

Ìbéèrè ni. Kì í ṣe àìsàn fóònù, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó burú, kì í sì í ṣe ìdíwọ́ tí a gbọ́dọ̀ yára mú kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá tẹ Allow láìkà á, ó ti dá dẹ́rẹ́bà lóhùn pé, "Máa lọ, ibi tó wù ẹ́ ni kó o gbé mi dé."

Ó dáa. Ìkìlọ̀ wo ni ẹ lè rí? Mẹ́rin ni màá sọ.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìyá wa rí. Chrome á kọ "Redirect blocked" tàbí "Pop-up blocked," á sì kọ orúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé yín lọ, á wá fi ibi tí ẹ lè tẹ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́ gbà á láyè. Ní ti Firefox orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n bá ti tan ìkìlọ̀ yẹn, á kọ ọ́ pé òun ti dá ojú ìwé yìí dúró kó má tún ara rẹ̀ ṣí, tàbí kó má gbé yín lọ síbòmíràn, á sì fi Allow sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ bi ara yín léèrè ohun méjì. Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tẹ ohun tó yẹ kó gbé mi lọ? Ṣé mo mọ orúkọ ibi tó fẹ́ gbé mi lọ yẹn? Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbà á láyè. Tí ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa ojú ìwé yẹn dé. Tí ojú ìwé kan bá sì ń kọ́ yín pé, "Bí búráwúsà rẹ bá dá ọ dúró, tẹ Allow," ẹ má dúró bèèrè mọ́. Olè tó ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa so ajá yín mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì ni ojú ìwé pupa. Gbogbo fóònù á pọ́n, á kọ ọ́ pé "Dangerous site." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Google ti mọ ibẹ̀ sí ibi ewu, bóyá torí pé wọ́n ń jí ìwífún èèyàn níbẹ̀, bóyá torí pé wọ́n ń fi kòkòrò sínú fóònù. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ní kí ẹ padà, "Back to safety." Òun ni kí ẹ tẹ̀. Kò sí owó ìjọba kankan tó wà lẹ́yìn ojú ìwé pupa.

Ìkẹta ni èyí tó máa ń dà wá láàmú jù ní àkókò owó ilé ìwé: "Confirm Form Resubmission." Ẹ ti kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ti fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá dúró, ẹ wá ní kí ojú ìwé tún ara rẹ̀ ṣí. Búráwúsà ń sọ fún yín pé, "Tí mo bá tún un ṣí, màá tún fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì o." Tó bá jẹ́ owó lẹ san, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gé owó ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ó ju oṣù kan lọ tó fi ń kọ lẹ́tà kó tó rí ìkejì gbà padà. Gàrí nìkan la sì jọ ń mu nínú yàrá ní gbogbo àkókò yẹn. Tí ẹ bá rí ìkìlọ̀ yìí lẹ́yìn tí ẹ sanwó, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo àlẹ́ẹ̀tì báńkì yín, bóyá owó ti kúrò. Ẹ wá padà wọ pótálì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ ti san.

Ìkẹrin ni "ERR_TOO_MANY_REDIRECTS," tó ń sọ pé ojú ìwé yẹn ti gbé yín lọ sókè sódò jù. Ojú ìwé kìíní ń rán yín sí ìkejì, ìkejì ń rán yín padà sí ìkíní, bí ọ́fíìsì tí wọ́n ń ti èèyàn láti fèrèsé kan sí òmíràn. Èyí kì í sábà jẹ́ jìbìtì. Ó lè jẹ́ pé ohun tí búráwúsà rántí nípa yín láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ń fa ìjà. Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ pa cookies ìkànnì yẹn rẹ́, kí ẹ tún wọlé. Tí kò bá tún ṣí, ọwọ́ àwọn tó ni ìkànnì ló wà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀ogún kò ní yanjú ẹ̀, dátà yín ló máa jẹ.

Ẹ rántí dátà yẹn o. A mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí níhìn-ín. Àwọn kan nínú yín ní abúlé, àfi kí wọ́n lọ dúró sídìí igi kan kí wọ́n tó rí i. Ojú ìwé tó ń tún ara rẹ̀ ṣí ní gbogbo ìgbà ń kó àwòrán rẹ̀ wá léraléra, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó rẹ̀. Ó sì tún lè nu ohun tí ẹ ti kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù gígùn, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú Notes lórí fóònù rẹ̀, kó tó wá dà á síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ tí Firefox fún ìkìlọ̀ yìí nínú ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú accessibility, ìyẹn ọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe máa rọrùn fún ẹni tó ní ìpèníjà. Ẹni tí ojú ń dùn máa ń jẹ́ kí fóònù ka ojú ìwé sókè fún òun. Tó bá kà á dé àárín, tí ojú ìwé tún ara rẹ̀ ṣí, ó di pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nínú ìlànà tí àjọ W3C gbé jáde lọ́dún 2008 fún àwọn tó ń ṣe ìkànnì, wọ́n ní tí àkókò bá fẹ́ tán lórí ojú ìwé, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń kà á lè dá a dúró tàbí kó fi kún un. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ máa ń wọ gíláàsì kí ẹ tó kàwé, tí ojú ìwé bá sáré jù yín lọ, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́n. Ojú ìwé yẹn ni wọn ò ṣe dáadáa.

Mo wá fẹ́ kìlọ̀ ohun kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni búráwúsà máa ń pariwo. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ línkì, tí ojú ìwé yẹn wá gbé yín lọ síbòmíràn, ó lè má sọ nǹkan kan, torí ó máa rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Pé ìkìlọ̀ ò jáde kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ dára. Ojú yín ni olórí ìṣọ́.

Kí ni ojú yín máa wò? Orúkọ tó wà nínú àpótí gígùn tó wà lókè. Ẹ fọwọ́ kàn án kí gbogbo rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn https:// tó wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ máa kà á lọ títí tí ẹ fi máa kan àmì / àkọ́kọ́. Ohun tó wà gẹ́lẹ́ ṣáájú àmì yẹn ni onílé. Àjọ NELFUND tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, nelf.gov.ng ni tiwọn. JAMB, jamb.gov.ng ni. Ìjọba Nàìjíríà ló ni .gov.ng, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè lọ rà á lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí nelf.gov.ng.owo-ofe.xyz ńkọ́? Ẹ wo ìparí rẹ̀. Owo-ofe.xyz ni onílé, ó kàn lẹ orúkọ ìjọba mọ́ iwájú ilé rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni lè kọ "Ààfin" sára ògiri ilé rẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ọba. Àmì kọ́kọ́rọ́ tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tẹ́lẹ̀ náà kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè yọjú wo ohun tí ẹ ń bá onílé sọ. Kò sọ pé onílé kì í ṣe olè. Chrome ti yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2023, torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye.

Mi ò ní kí ẹ máa sá fún gbogbo ìkìlọ̀ o. Èmi fúnra mi ti sá rí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, mo fẹ́ san owó kan lórí pótálì, Chrome dá ojú ìwé ìsanwó dúró, ẹ̀rù bà mí, mo pa á dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á dé bẹ́ẹ̀. Ó ku wákàtí mélòó kan kí wọ́n ti pótálì kí sẹ́níọ̀ mi kan tó ní kí n gbé fóònù wá. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo tẹ Pay?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Wo orúkọ yìí, ṣé òun ló wà lórí ìwé tí ilé ìwé fún yín?" Òun náà ni. Ó ní, "Gbà á láyè, ìyẹn nìkan." Ó parí. Ohun tó bi mí lọ́jọ́ yẹn ló yẹ kí n bi ìyá wa. Mo mọ ìbéèrè náà, mi ò kàn bèèrè ni.

Ní báyìí, ẹ mú fóònù yín jáde. Ẹ ṣí Chrome. Ẹ tẹ àmì ẹlẹ́ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wá Settings, ẹ wá Site settings, ẹ wá "Pop-ups and redirects." Ẹ rí i dájú pé ó wà ní pípa. Tí orúkọ ìkànnì kan bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ti gbà láyè rí, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ tún wo "Notifications" níbẹ̀. Bí ìpolówó bá ń já lu fóònù yín lóru, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ TOPS níbí àti àwọn ọmọ LAUTECH ní Ìsẹ́yìn ń lò, tó bá jẹ́ Firefox ni, ẹ kọ about:config sókè, ẹ wá accessibility.blockautorefresh, ẹ sọ ọ́ di true. Láti ìgbà náà, á máa bèèrè kí irú àṣẹ yẹn tó ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó rìsáájì àwọn ń lọ láìjẹ́ pé àwọn pe ẹnikẹ́ni. Redirect lè wà lẹ́yìn ìyẹn náà. Ó lè gbé yín dé ibi tí wọ́n ti ń forúkọ yín sílẹ̀ fún orin tàbí ìròyìn ojoojúmọ́, tí wọ́n á máa gé owó. Ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ tó ni láìnì yín pé kí wọ́n yọ yín kúrò nínú ohun tí ẹ ò bèèrè. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, nọ́ńbà àjọ NCC tí a fi ń fẹjọ́ sùn ni 622.

Tí ẹnì kan bá ti wá kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ síbi tí kò yẹ ńkọ́? Kó má jókòó máa sunkún, kó má sì fi bò torí ìtìjú. Nọ́ńbà báńkì wà lẹ́yìn káàdì, kó pè é lójú ẹsẹ̀, kó ní kí wọ́n ti káàdì yẹn pa. Kó ya àwòrán ojú ìwé náà àti àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì pa mọ́. Kó lọ sí báńkì pẹ̀lú ìwé, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin wà lórí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà láti ọdún 2015. Ìtìjú ló jẹ́ kí ìyá wa dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan yẹn pọ̀ jù.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti pinnu nìyí, a sì ń bẹ ẹ̀yin àgbà kí ẹ fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi línkì owó, iṣẹ́ tàbí fọ́ọ̀mù sórí grúùpù láìjẹ́ pé ó ti ṣí i, ó sì ti kọ orúkọ onílé tó bá a dé ní ìparí. Tí kò bá kọ ọ́, alábòójútó grúùpù máa pa á rẹ́, bó jẹ́ èmi ni mo fi ránṣẹ́. Ìkejì, tí línkì kan bá ní kí ẹ fi òun ránṣẹ́ sí grúùpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí owó tó wọlé, ẹ pa á rẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Ìkẹta, ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọ̀dọ́ méjì máa jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí láti aago mẹ́wàá. Ẹ gbé fóònù yín wá. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá sì pe èyíkéyìí nínú wa lórí fóònù pé, "Ó ń kọ nǹkan sí mi," ìdáhùn àkọ́kọ́ tí a máa fún yín ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó kọ fún mi." Tí ẹ bá gbọ́ "Ẹ tẹ Allow" lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ti bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni ojú ìwé yẹn fún ìyá wa. Èmi ò tiẹ̀ fún wọn tó bẹ́ẹ̀. Mà, ẹ wà níwájú mi níbí, mo tún ń tọrọ àforíjì lójú gbogbo ilé. Inú mi dùn pé ẹ rí òwú rà, pé aṣọ yẹn sì bá ọjọ́ ìgbéyàwó.

 Òkè-Ògùn á máa tẹ̀síwájú, ọwọ́ olè ò ní tó wa o.